Ìdíje ti parí, ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rọ́bọ́ọ̀tì?

Mo mọ̀ pé bí ìwé wa yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀múnù àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ẹ máa kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀múnù wà nínú tèmi náà, ó kàn di ìsàlẹ̀ ni. Àpótí kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àpótí náà. Òun ni àwọn ọmọ wa méje gbé lọ sí Lomé fún ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹgbẹ́ yìí ló dáwó. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà mú un wá, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan mú un wá, àwọn ìyá wa tó ń ta ọjà náà dá tiwọn. Láti Sokodé dé Lomé ju kìlómítà 300 lọ, kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ méje àti olùkọ́ wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. A sanwó ọkọ̀, a sanwó oúnjẹ, a rán ẹ̀wù fún wọn, a kọ orúkọ ìlú sí ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọn kò gba ife, ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì wọn rìn, ó rí ìlà dúdú tí wọ́n fà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e títí dé òpin. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, a lọ pàdé wọn ní gáràjì. A ya fọ́tò. Èmi náà wà nínú fọ́tò yẹn, mo wọ agbádá, mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, a gbé àpótí sínú yàrá, a ti ilẹ̀kùn, a lọ sílé.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó tún ojú fi kàn án. Àlejò kan wá láti Kara, mo fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ṣe yánga fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí mo bi léèrè ní ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹlòmíì ní ó wà ní oko. Nígbà tí a ṣí i, bátìrì ti wú bí àkàrà, eku ti jẹ wáyà, ó tiẹ̀ ti bímọ sínú ẹ̀wù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ojú tì mí. Àlejò wa jẹ́ ọmọlúàbí, kò sọ nǹkan kan, ó ní ká lọ mu omi.

Bátìrì kọ́ ló dùn mí jù, ẹ̀yin ará. Mo ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ náà wá bá mi. Nínú méje, mẹ́ta ló wá. Ọmọbìnrin kan ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ sí Lomé láti lọ máa ṣe iṣẹ́ ilé. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ìyẹn kò burú. Àwọn méjì tó kù ti lọ sí Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun ló kọ àṣẹ tí rọ́bọ́ọ̀tì wa fi tẹ̀ lé ìlà dúdú ní Lomé.

Ohun tí mo ń rò láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ jáde báyìí, kódà bí ó bá máa dun àwọn kan nínú wa. Owó tí ẹgbẹ́ yìí ń ná lórí rọ́bọ́ọ̀tì, ibi tí kò yẹ là ń ná an sí. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sórí ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, láti oṣù keje títí di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, a kì í ná kọ́bọ̀ lé wọn lórí. Bẹ́ẹ̀, àwọn oṣù yẹn gan-an ni ọmọ ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà Nàìjíríà nínú wa. Kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Ní 2003, Human Rights Watch, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tẹ ìwé odidi kan jáde lórí àwọn ọmọ Tógò tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń kó lọ sí oko ní Nàìjíríà wà níbẹ̀: ọmọ á ṣiṣẹ́ fún oṣù gbọọrọ, wọ́n á fún un ní kẹ̀kẹ́ tàbí rédíò, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Lónìí, máṣíìnì ló rọ́pò kẹ̀kẹ́. Ìjọba ṣe òfin lòdì sí kíkó ọmọdé lọ sí òkèèrè ní 2005, wọ́n sì ṣe ìwé òfin àwọn ọmọdé ní 2007. Òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti padé.

Fún àwa tí à ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún burú díẹ̀ sí i. Ọmọ Kambolé tó bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ilẹ̀ Ògùn, kò ní nílò ògbufọ̀. Ó gbọ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ, bí ohùn tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Èdè wa tí à ń fi yangàn, òun náà ni ilẹ̀kùn tí ẹni tó ń wá ọmọ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ń wọlé. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Nàìjíríà. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, ọ̀pọ̀ ilé tó ní páànù ní àdúgbò wa ló jẹ́ pé owó Nàìjíríà ló kọ́ ọ. Ti ọmọ tó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ni mò ń sọ.

Mi ò sì sọ pé rọ́bọ́ọ̀tì lásán ló máa dí ọ̀nà náà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Ọmọ tó fẹ́ máṣíìnì fẹ́ máṣíìnì. Àmọ́ ẹ wo àkókò tí ẹni tó ń kó wọn lọ máa ń dé. Kì í wá ní oṣù kìíní tí ìwé gbóná. Ó ń wá nígbà tí ìdánwò bá parí, tí ọmọ bá jókòó sábẹ́ ìgi, tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ níbì kankan. Àsìkò kan náà ni à ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àpótí.

Àwọn tó ti ń ṣe ìdíje yìí tipẹ́ ti mọ̀ pé lẹ́yìn ìdíje ni iṣẹ́ wà. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dean Kamen dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní FIRST sílẹ̀ ní 1989, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè máa fi rọ́bọ́ọ̀tì figagbága bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù figagbága. Oṣù kìíní ni wọ́n máa ń sọ ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì ọdún yẹn gbọ́dọ̀ ṣe fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó bá fi máa di oṣù kẹrin ìdíje ti ń parí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2019, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láti kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, wọ́n á ki rọ́bọ́ọ̀tì bọ inú àpò ńlá kan, wọ́n á dè é, wọ́n á fi àmì sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ìdíje.

Ó jọ tiwa, àbí? Àwọn náà máa ń ti rọ́bọ́ọ̀tì mọ́lé nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n máa ń tì mọ́lé nígbà náà, wọn kì í ti àwọn ọmọ mọ́ta. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kejìlá, ikọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe á máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun, á máa tún irinṣẹ́ ṣe, á máa bá ikọ̀ ìtòsí ṣe ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí kò ní ife, á máa gbé rọ́bọ́ọ̀tì lọ han ẹni tó lè fún wọn lówó. Ọmọ tí kò bá tíì di ayọ́ọ̀nù mú rí kí oṣù kìíní tó dé, kò ní rí àyè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ lè sọ pé Amẹ́ríkà ni, owó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní ìlú Ghana tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, Ashitey Trebi-Ollennu, ọmọ Ghana tó ń ṣiṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ní NASA, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2011 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Ní 2019, àwọn ọmọbìnrin láti ilé ẹ̀kọ́ Methodist Girls ní Mamfe, ìlú tí kì í ṣe Accra, tí kì í ṣe Kumasi, lọ sí ìdíje Robofest ní Michigan, wọ́n sì gba ipò kìíní. Gbogbo ènìyàn rántí 2019, wọ́n ya fọ́tò. Ẹ bá mi ka ọdún tó wà láàárín 2011 àti 2019. Ọdún mẹ́jọ ni. Fọ́tò kankan kò sí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún wọ̀nyẹn.

Ní Lomé tiwa náà, Sénamé Koffi Agbodjinou ṣí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ WoeLab ní 2012, ibi tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò lè wọlé sí láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni Kodjo Afate Gnikou ti ṣe ẹ̀rọ kan ní 2013 tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀: ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike, tó ń fi ike yíyọ́ náà mọ nǹkan ní ìpele ìpele títí tí á fi di ife tàbí táyà kékeré tàbí ohunkóhun tí ẹ bá yà fún un lórí kọ̀ǹpútà. Ibo ló ti rí irin tó fi ṣe é? Lórí ààtàn. Kọ̀ǹpútà tó ti kú, ìtẹ̀wé tó ti kú, ohun tí àwọn òyìnbó ti jù nù tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ wa, ó tú wọn, ó mú ohun tó wúlò nínú wọn. Kò sí ìdíje kankan tó ní kó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní ibi tó lè lọ lójoojúmọ́, ó sì ní ẹni tó ń retí rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tó ti wù mí láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ààtàn kò wọ́n wa.

Ẹ mú ẹ̀rọ DVD kan tó ti bàjẹ́, irú èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé púpọ̀. Ẹ tú u. Ẹ máa bá ẹ̀ńjìnnì kékeré mẹ́ta nínú rẹ̀: ọ̀kan ń ti àwo jáde, ọ̀kan ń yí àwo, ọ̀kan ń gbé ojú tó ń ka àwo lọ gbé e bọ̀. Ìtẹ̀wé tó ti kú náà ní tirẹ̀, àti irin gígùn tó ń dán tí orí ìtẹ̀wé ń yọ̀ lórí rẹ̀, àti ojú kékeré tó ń mọ̀ bóyá bébà ti wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra àwọn nǹkan wọ̀nyí ní tuntun máa ránṣẹ́ sí Lomé, á sì dúró. Ọmọ wa lè rí wọn ní Komah láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ó bá ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jù ú nù. Ohun kan ni mo kì í fẹ́ kí ọmọ tú láìsí àgbà lọ́dọ̀ rẹ̀: bátìrì kọ̀ǹpútà àti bátìrì fóònù. Ìyẹn lè gbaná.

Ta ló máa kọ́ wọn? Àwọn tó ń tún rédíò ṣe, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn tó ń tún iná máṣíìnì ṣe. Wọ́n wà ní àdúgbò wa, a sì ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́ láìkí wọn dáadáa. Mo ti bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni àádọ́ta ọdún, kò wọ kọlẹ́ẹ̀jì rí, ṣùgbọ́n ó máa fi mítà wọn wáyà, á gbọ́ bó ṣe ń dún, á sì sọ fún ẹ ibi tí iná ti já. Mo bi í pé ṣé ó lè gba ọmọ méjì ní àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀ láti oṣù keje. Ó ní, “Ṣé wọ́n á máa gbọ́ràn?” Mo ní wọ́n á gbọ́ràn. Ó ní, “Ṣé ẹ máa fún mi ní òjé?” Òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà ló ń sọ. Kò béèrè owó oṣù. Ẹgbẹ́ wa tó ná owó lórí ẹ̀wù, ó yẹ ká lè ra òjé.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó bá kú lọ́jọ́ ìdíje, lọ́pọ̀ ìgbà wáyà tí wọn kò lẹ̀ dáadáa ló pa á, kì í ṣe òye ọmọ. Ní Lomé, ohun tó gba ipò lọ́wọ́ wa nìyẹn. Wáyà kan já ní ìdíje kejì, àwọn ọmọ wa kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa wá a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí àṣẹ inú kọ̀ǹpútà padà, nígbà tó jẹ́ pé nínú kọ̀ǹpútà kò sí ìṣòro kankan. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe yẹn á ti rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ohun kejì ni pé kí wọ́n ṣe nǹkan kan tí ìyá wọn máa lò. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń tẹ̀ lé ìlà dúdú dára, ṣùgbọ́n ta ló ní ìlà dúdú nílé? Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lásìkò òjò. Ìyá kan sá ata tàbí àgbàdo tuntun síta, ó wọlé lọ da oúnjẹ rú, kó tó gbọ́ òjò lórí páànù, ata ti tutù. Àgbàdo tí kò bá gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò máa bu, èbu yẹn sì ní oró tí ojú kò rí, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ oko ní kí omi inú àgbàdo má ju bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kó tó wọ àká.

Ẹ̀rọ tó máa pariwo nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá bọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì. Wáyà méjì tí wọ́n ti bó ara wọn, kí wọ́n sún mọ́ra wọn láìfara kanra, lórí pákó pẹlẹbẹ kan. Bí omi bá bọ́ sáàárín wọn, iná á kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iná náà á mọ̀, á sì ní kí agogo dún. Ó tán. Òfin kan náà ni rọ́bọ́ọ̀tì ńlá ń lò: nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níta, ojú rẹ̀ rí i, ọpọlọ rẹ̀ pinnu, ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Ọmọ tó bá ṣe aago òjò fún ìyá rẹ̀ ti mọ ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ ju ẹni tó kàn to ike tí wọ́n rà jọ bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé. Ìyá yẹn náà, tí ẹgbẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, kò ní béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

(Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan níbí. Nígbà tí àwọn ọmọ ń bá mi sọ̀rọ̀, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa pe “capteur” ní èdè wa. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn ní, “Ojú rọ́bọ́ọ̀tì ni.” Ẹlòmíì ní ti aago òjò kì í ṣe ojú, awọ ara rẹ̀ ni, nítorí ó ń mọ òtútù omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo jókòó, mo ń gbádùn ara mi. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú kàyé, ojú tàbí awọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá a níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ kàyé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí ọmọ tó kọ àṣẹ rọ́bọ́ọ̀tì wa lọ, gbogbo ohun tó mọ̀ bá a lọ. Kò sí ibi tó kọ ọ́ sí. Àwọn mẹ́ta tó kù jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọn kò mọ ìdí tó fi kọ 40 síbì kan tó sì kọ 60 síbòmíì. Tí wọ́n bá fẹ́ padà lọ sí ìdíje, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti òkúta àkọ́kọ́. Ìsinmi ni àkókò tí àgbà inú ikọ̀ ń kọ́ àbúrò, kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ohun kan náà. Kàyé kan, báírò kan, kò ju sẹ́fà díẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye irinṣẹ́ tó wà nínú àpótí, àti ọjọ́ tí wọ́n wo bátìrì kẹ́yìn. Bátìrì irú èyí tí à ń lò yìí kò fẹ́ kí á fi òun sílẹ̀ lófìfo, kò sì fẹ́ kí á kún òun dẹ́nu kí á tó gbé òun pamọ́. Ìdajì ló fẹ́, àti kí ẹnì kan máa bẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bó ṣe rí fún ọmọ náà nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn bàbá wa máa sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni koríko ń bo iṣu mọ́lẹ̀, ta ló máa roko tí ọmọ bá ń tú rédíò? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ní kí ọmọ má lọ sí oko lásìkò ìsinmi kò mọ ohun tí ìdílé ń jẹ. Mi ò bèèrè ju àárọ̀ méjì lọ lọ́sẹ̀, kí á yọ ọjọ́ ọjà kúrò, kí á yọ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kúrò. Àwọn ọjọ́ tó kù ṣì wà fún oko. Ẹ̀yin bàbá, ọmọ tó lọ sí Nàìjíríà fún ọdún kan kò bá yín ro ebè kan ṣoṣo.

Fún àwọn ọmọbìnrin, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá bá mi dá sí i. Bí ibi ìkọ́ṣẹ́ bá jìnnà, bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n wá, wọn ò sì jẹ̀bi. Kó jẹ́ àárọ̀, kó jẹ́ ibi tí ìyá kan á máa jókòó sí. Àwọn ọmọ Mamfe tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn, ọmọbìnrin ni gbogbo wọn.

Mo ti dé ọ̀rọ̀ kọ̀múnù báyìí. Ní 2019, a dìbò yan ìgbìmọ̀ kọ̀múnù, ohun tí a kò ṣe láti 1987. A tún dìbò ní oṣù keje ọdún 2025. Àwọn tí a yàn wà nílé mẹ́ẹ̀rì lónìí, àwọn kan nínú wọn ń ka ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa béèrè lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Kì í ṣe ilé tuntun, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ogún. Ní oṣù keje, gbogbo yàrá ilé ẹ̀kọ́ wa ló ṣófo, tábìlì wà níbẹ̀, ìjókòó wà níbẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ní iná. Yàrá kan péré, àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀, àti ìwé tó sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó iná oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ lè san án. Kí a kọ lẹ́tà náà báyìí, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ká má dúró dìgbà tí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ká tó máa sáré káàkiri.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a kọ̀ fún wọn. Nígbà ìpolongo ìbò, ẹnì kan wá bá mi pé kí àwọn ọmọ gbé rọ́bọ́ọ̀tì wá sí ìpàdé òun, kí ó bá a rìn lórí pèpéle. Mi ò ní sọ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn ló lè béèrè. Mo kọ̀. Bí a bá jẹ́ kí rọ́bọ́ọ̀tì wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ìdajì àwọn òbí máa mú ọmọ wọn kúrò, kò sì ní tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, kó wá sí yàrá wọn ní oṣù kẹjọ nígbà tí kò sí kámẹ́rà.

Nítorí náà, àbá mi fún ìpàdé gbogbogbò wa tó ń bọ̀ rèé. Kí á pín owó rọ́bọ́ọ̀tì sí méjì: ìdajì fún ìrìn àjò Lomé, ìdajì fún ìsinmi. Bí ìdajì kò bá gbé ọmọ méje dé Lomé, kí mẹ́rin lọ. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn òbí kan. Àmọ́ ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ mẹ́rin lọ kí méje sì ṣì wà lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹwàá, ju kí méje lọ kí mẹ́ta ṣẹ́ kù.

Ìyá ọmọ tó lọ sí Nàìjíríà yẹn wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà pè é lórí fóònù, ó ní òun máa padà nígbà tí wọ́n bá fún òun ní máṣíìnì. Lẹ́yìn náà ló bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ṣé wọ́n ti tún rọ́bọ́ọ̀tì ṣe. Ìyá náà kò mọ ohun tó máa sọ, ló bá wá bi mí.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo máa gbé àpótí náà wá, mo máa ṣí i lójú gbogbo yín, pẹ̀lú bátìrì tó wú àti wáyà tí eku jẹ, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí owó.